Kí róbọ́ọ̀tì tó máa pààrọ̀ fáìsì, ẹ wo abẹ́ fáìsì

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní mílìn kan (ẹ̀rọ tó ń gé irin) lẹ ní, pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì tó lè gbé 20 kg, ẹ sì fẹ́ kó máa pààrọ̀ fáìsì (ohun tó ń di irin mú kí mílìn lè gé e) lóru láìsí ènìyàn. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ fi pírógíráàmù sílẹ̀ ná. Abẹ́ fáìsì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ má retí kí róbọ́ọ̀tì máa fi sípánà de bóòtù. Zero-point, ìjókòó tó ń gbá fáìsì mú síbì kan náà nígbà gbogbo, ni kí ẹ dè mọ́ tábìlì mílìn. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ń di fáìsì mú, afẹ́fẹ́ bíi 6 bar ló ń ṣí i. Bí iná bá lọ, tí kọnpúrẹ́sọ̀ dákẹ́, fáìsì ò ní tú. Kí ọwọ́ tí róbọ́ọ̀tì fi ń gbé nǹkan náà ní sípíríǹgì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí iná bá lọ lójijì, fáìsì á já lulẹ̀.

Fáìsì 6-íńṣì tí gbogbo wa mọ̀ lè kọjá 30 kg, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ẹ wá kékeré bíi 7 kg. Ọwọ́ róbọ́ọ̀tì 4 kg, irin tí ẹ fẹ́ gé 3 kg, ó di 14 kg. Ẹ má fi ohunkóhun kún 6 kg tó kù o: bí ẹrù bá ṣe ń jìnnà sí ọrùn-ọwọ́ róbọ́ọ̀tì ló ṣe ń wúwo fún un sí i.

Òpó kúkúrú mẹ́rin tó ń wọ ihò zero-point ló máa wà lábẹ́ àwo tí a de fáìsì mọ́. Ọ̀kan róbótó, ó bá ihò mu rẹ́gí. Èkejì, wọ́n ti gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, kí àyè wà bí àwo bá gùn. Méjì tó kù tín-ín-rín ju ihò lọ, fífà mọ́lẹ̀ nìkan ni tiwọn. Àwọn kan máa ń fi róbótó sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ooru bá fi 10°C gòkè, àwo alumíníọ̀mù 200 mm á fi 0.046 mm gùn, irin tó jókòó lé á fi 0.023 mm péré gùn. Nínú ooru oṣù Kẹta wa yìí, ó há nìyẹn. Wẹ́dà Ìlọrin lè ṣe pẹpẹ tí àwọn fáìsì á máa dúró sí, kí ẹ sáà dè é mọ́ ilẹ̀. Àmọ́ irin tí wọ́n fi iná mú le ni kí òpó jẹ́.

Èérún irin ni ọ̀tá gan-an. Èyí tó nípọn 0.1 mm lábẹ́ etí kan àwo 200 mm á mú kí irin tó ga 100 mm fi 0.05 mm tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè. Ojú ò ní rí i, dáyà gééjì (ohun tí a fi ń wọn ìyàtọ̀ kékeré) á rí i. Kí róbọ́ọ̀tì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò, kó sì fẹ́ ẹ sí abẹ́ fáìsì náà. Èyí kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ tún wá zero-point tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde níbi ìjókòó. Bí fáìsì bá jókòó dáadáa, ihò á dí, agbára afẹ́fẹ́ á gòkè, sẹ́ńsọ̀ á sọ fún mílìn. Bí kò bá gòkè, kí mílìn má yí rárá.

Kí róbọ́ọ̀tì rọra sọ̀ ní 10 mm tó kẹ́yìn, kó sì dẹ ọwọ́ díẹ̀ kí sípíríǹgì tó fa fáìsì wọlé. Bó bá dì í gírígírí, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn fà á, álààmù á dún. Tó bá fẹ́ gbé e kúrò, sẹ́ńsọ̀ ni kó sọ pé zero-point ti ṣí. Ẹ má kọ ọ́ pé kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó wá gbé e. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kéré, tábìlì ló máa fẹ́ fà tu.

Fáìsì kọ̀ọ̀kan ní offset tirẹ̀, ìyẹn iye tó ń sọ ibi tí irin wà fún mílìn. Omi inú kọnpúrẹ́sọ̀, ẹ máa tú u láràárọ̀, pàápàá lásìkò òjò; ìpẹtà inú sípíríǹgì kì í hàn síta.