Ṣé odindi àpilẹ̀kọ ló yẹ ká fi ránṣẹ́ ni, àbí líǹkì nìkan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni àdímíìnì gúrúùpù WhatsApp àwa tá a jọ ka ìwé mẹ́wàá. Ẹnì kan wà láàárín wa tó máa ń da odindi àpilẹ̀kọ látinú ìwé ìròyìn sójú gúrúùpù. Ẹlòmíì, líǹkì lásán ló máa ń jù sílẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ó ti dìjà báyìí. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Kò sẹ́ni tó jàre, àmọ́ ẹ̀bi wọn ò dọ́gba.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń da odindi sílẹ̀ máa wí: dátà ti wọ́n, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣí líǹkì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ ló ń pín kiri. Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá ti Nàìjíríà tọdún 2022 fàyè gba kéèyàn fa ọ̀rọ̀ yọ láti fi ṣe àríwísí tàbí láti fi ròyìn ohun tó ń lọ, bó bá ṣe é níwọ̀n, tó sì dárúkọ ẹni tó ni ín. Odindi kì í ṣe àyọlò. Bí akọ̀ròyìn ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lòfin ń dáàbò bò. Ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ní olówó. Kó yáa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta, ẹni tí kò ní dátà á ti gbọ́ kókó ibẹ̀. (Ìròyìn tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ ti padà wá bá mi lórí fóònù rí. Wọ́n ti yọ orúkọ mi, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́.")

Ní ti oní-líǹkì lásán, àwọn gbájúẹ̀ ò jẹ́ kí ìyẹn ṣeé gbà mọ́. Èmi kì í tẹ líǹkì tí kò ní àlàyé, àbúrò mi ì báà fi í ránṣẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Màá kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ará, owó àjẹmọ́nú àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìròyìn yìí dá lé, ẹ bá wa kà á fáwọn òbí wa." Àyọlò á tẹ̀ lé e láàárín àmì àyọlò: "Gómìnà ní òun á san gbèsè náà, àmọ́ ó di ìgbà tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí ètò ìṣúná." Lẹ́yìn náà ni orúkọ akọ̀ròyìn àti ìwé ìròyìn, ọjọ́ tó jáde, kí líǹkì tó kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá gé àyọlò yẹn ṣáájú "àmọ́", irọ́ lẹ pa, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé ọjọ́, tí ìròyìn náà ti lé lọ́dún mẹ́ta, bàbá arúgbó kan lè tìtorí ẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí sẹkitéríàtì.

Ẹ gé ìrù líǹkì pẹ̀lú. Èyí tó bá wá láti Facebook sábà máa ń ní "fbclid" àti lẹ́tà rẹpẹtẹ nídìí. Ipasẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ̀, ojú ìwé náà á ṣí láìsí i. Àmọ́ ti YouTube, ẹ má fọwọ́ kan ohun tó tẹ̀ lé "v=", òun gan-an ni fídíò.

Ẹ má bá wọn wí lójú gúrúùpù o. Ẹ pe ẹni tó ń da odindi sílẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ rọra bá a sọ ọ́. Ó jọ pé òun ló ń kàwé jù nínú yín, ẹ má jẹ́ kó bínú dákẹ́.