Ọ̀gá ní òun máa "cut me some slack", kí ló fẹ́ gé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leicester nílùú Ọba ni mo wà báyìí, mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta ní warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pẹ́ dé, bọ́ọ̀sì ló já mi kulẹ̀, ọ̀gá mi bá wò mí, ó ní "I'll cut you some slack this time, but you're not off the hook." Thank you ni mo ń sọ ṣáá, àmọ́ látìgbà yẹn ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ gé owó mi ni? (Ọmọ Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìlọrin, ẹ sinmi jàre, kò sẹ́ni tó ń gé owó yín. Slack ni ibi tó dẹ̀ lára okùn, bí ìgbà téèyàn so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tó wá tú okùn ẹ̀ gùn díẹ̀ sí i kó lè ráyè jẹ. Àwa náà kúkú ń sọ pé "ẹ dẹwọ́ fún un", okùn ni tiwọn, ọwọ́ ni tiwa.

Ìdajì kejì yẹn gan-an lẹ ò bá fetí sí. Hook ni ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, ẹni tó bá ti "off the hook", ó ti já lẹ́nu ìwọ̀ nìyẹn, ó ti lọ. Ó wá ní ẹ̀yin ò tíì já o! Ó dẹwọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣọ́ yín.

Ẹ máa tún gbọ́ "turn a blind eye", ó jọ "mójú kúrò" tiwa, ṣùgbọ́n ẹ má fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá láéláé, torí bí ẹni ń bú u ni, pé ó rí ohun tí ò dáa ó ṣe bí ẹni ò rí. Nelson, ọ̀gá ológun ojú omi wọn, ni wọ́n máa ń fi ìtàn ẹ̀ tì í lẹ́yìn: ojú ọ̀tún ẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ogun ní Corsica lọ́dún 1794, nígbà tí wọ́n wá ń jà ní Copenhagen lọ́dún 1801 tí ọ̀gá ẹ̀ ta àsíá sókè pé kó ṣíwọ́, wọ́n ní ojú tó fọ́ yẹn ló gbé awò sí, ló bá lóun ò rí àsíá kankan. Olórí kunkun! Ó sì borí ogun ọ̀hún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, "thanks for going easy on me" ti tó. Kẹ́ ẹ sì máa wọ bọ́ọ̀sì tó ṣáájú ìyẹn.