Èsì: Owó àgbàrá òjò ní Virginia Beach
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá léèrè ìdí tí ìjọ yín, tí kì í san owó orí ilé, fi ń san owó àgbàrá, ìyẹn owó tí ìlú ń gbà láti bójú tó omi òjò, ní Virginia Beach, ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Owó iṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe owó orí: bí òrùlé, kọnkéré àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tí omi kò lè wọ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ fún ilé tí kì í ṣe ibùgbé. Ó tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n owó yìí nìkan kò ká iṣẹ́ dídènà ìkún omi ní ìlú náà, nítorí náà ni àwọn olùdìbò fi fọwọ́ sí yíyá 567.5 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí owó orí ilé yóò san padà; ìyẹn ni kò kan ìjọ yín.