Adìyẹ mélòó ló tó ilé yín, kí ló sì dé tí ìgbẹ́ wọn fi jó ẹ̀fọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àwa mẹ́fà là ń gbé nínú ilé: èmi, bàálé mi àti ọmọ mẹ́rin. A ní ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn ń dé dáadáa, a sì fẹ́ kí ẹyin àti ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ máa ti ibẹ̀ wá. A ra adìyẹ 20 tó ti ń yé, a sì kọ ebè díẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé kò sí ajílẹ̀ tó tó ìgbẹ́ adìyẹ, ni mo bá ń kó o látinú ilé wọn lọ sídìí ẹ̀fọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bíi pé iná jó o, àwọn mìíràn sì kú. Ẹyin náà ti dín kù, oúnjẹ adìyẹ sì ń gbé owó ilé lọ. Bàálé mi ní ká ta gbogbo wọn ká fi ra ewúrẹ́ méjì, pé koríko lásán ni ewúrẹ́ ń jẹ. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ta gbogbo adìyẹ yín, ẹ má sì tíì ra ewúrẹ́. Kì í ṣe irú ẹran tí ẹ ń sìn ló ń dà yín láàmú, iye wọn ni. Adìyẹ 20 ju ohun tí ẹnu mẹ́fà nílò lọ, ìgbẹ́ wọn ju ohun tí ebè díẹ̀ lè gbà lọ, oúnjẹ wọn sì ju agbára àpò yín lọ. Ẹni tó bá ń sin ẹran nítorí ilé rẹ̀, ẹnu àwọn ará ilé ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín bá ń jẹ ẹyin 4 lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Àgbébọ̀ irú èyí tí wọ́n dìídì ń sìn fún ẹyin, tí kò tíì darúgbó, máa ń yé ẹyin 5 tàbí 6 lọ́sẹ̀. Márùn-ún á tó yín, mẹ́fà á sì jẹ́ kí ẹ rọ́wọ́ mú lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá sinmi. Ẹ wá wo ti oúnjẹ. Àgbébọ̀ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lóòjọ́. Adìyẹ 20 á jẹ kílò 2.4 lóòjọ́, ìyẹn kílò 72 lóṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò mẹ́ta oníkílò 25. Mẹ́fà ò ní jẹ tó kílò 22 lóṣù, àpò kan ṣoṣo á sì ṣẹ́ kù. Ibi tí owó ilé ń bá lọ nìyẹn. Èyí tí kò yé mọ́ gan-an ṣì ń jẹun lójoojúmọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ àwọn tí ẹ máa fi sílẹ̀ rèé. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí wọ́n ti wọ̀ sórí ìtẹ́, kí ara wọn ti balẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbá a mọ́ra kí ó má baà gbọn apá, kí ẹ wá fọwọ́ kan abẹ́ ihò ìdí rẹ̀. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà níbẹ̀ tí orí wọn yọ ṣóńṣó. Ẹ fi ìka yín sáàárín wọn. Bí adìyẹ náà bá ń yé, ìka méjì tàbí mẹ́ta á gba ibẹ̀, ihò ìdí rẹ̀ á fẹ̀, á sì lómi lára díẹ̀, ogbe orí rẹ̀ á pọ́n, á sì kún. Èyí tí kò yé, agbára káká ni ìka kan á fi wọ̀ ọ́, ihò ìdí rẹ̀ á gbẹ, á fún pọ̀, ogbe rẹ̀ á sún kì, á sì ṣàárẹ̀. Ẹ so okùn sí ẹsẹ̀ àwọn tó dára kí ẹ lè dá wọn mọ̀ láàárọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ń re, ẹ má kánjú dá a lẹ́jọ́. Kò sí adìyẹ tó ń hu ìyẹ́ tuntun tó tún ń yé dáadáa, bí ó bá ṣì kéré lọ́jọ́ orí, á padà yé lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó ti pé ọdún mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé ẹyin rẹ̀ ti ń lọ sópin.

Àwọn mẹ́fà tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ tọ́jú wọn débi pé ẹyin á padà wá. Omi ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè nípa rẹ̀ bí ẹnì kan bá ní adìyẹ òun kò yé mọ́. Omi tí adìyẹ ń mu tó ìlọ́po méjì oúnjẹ tó ń jẹ, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin, omi ni. Bí agbada omi wọn bá gbẹ fún ọjọ́ kan péré, ẹ lè máa rí àbájáde rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e: wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ ni àgbébọ̀ ń fẹ́ kó tó yé dáadáa, nítorí náà ilé adìyẹ tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án, ẹyin díẹ̀ ló máa mú jáde.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi àjẹkù àti ọkà lú oúnjẹ àgbébọ̀ kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Ó dára kí wọ́n jẹ èèpo ẹ̀fọ́, èso tó ti rọ̀ àti koríko, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń jẹ lọ. Oúnjẹ àgbébọ̀ ní èròjà amúaradàgbà bí ìdá 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkà nìkan kò ní tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ àgbébọ̀ tún ní kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le. Èèpo ẹyin kan ń gba bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù, ọkà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kankan nínú, adìyẹ á wá máa yọ ọ́ látinú egungun ara rẹ̀. Ẹ máa kó èèpo ẹyin tí ẹ bá jẹ jọ, ẹ yan án kó gbẹ dáadáa, ẹ gún un kúnná kí wọ́n má baà dá a mọ̀ pé ẹyin ni, kí ẹ gbé e sínú àwo ọ̀tọ̀. Èyí tó bá nílò rẹ̀ á lọ ṣà á jẹ fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Lọ́dún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú láìmọ ohun tó pa wọ́n, ìgbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ délẹ̀ ni wọ́n rí i pé oró tí ohun tó ń bu lára ẹ̀pà ń mú jáde wà nínú oúnjẹ wọn. Oró náà ni à ń pè ní aflatoxin lónìí. Yíyan tàbí sísè kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì lè ti ara ẹran dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé àpò oúnjẹ sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, ẹ má sì ra ju èyí tí wọ́n máa jẹ lóṣù kan lọ.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má fi abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú ṣeré, èyí tí àwa oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle. Àrùn yìí lè pa gbogbo adìyẹ inú ọgbà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì ní oògùn lẹ́yìn tó bá ti dé. Ẹ bi oníṣègùn ẹran tó sún mọ́ yín nípa ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún gbà á. Bí adìyẹ púpọ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má jẹ wọ́n, ẹ má tà wọ́n, ẹ pe oníṣègùn ẹran.

Ó wá kan ẹ̀fọ́ tó jó. Adìyẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀ bí ewúrẹ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ni funfun tí ẹ ń rí lórí ìgbẹ́ rẹ̀, náítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dàgbà, ló sì kún inú rẹ̀. Bí ó bá kan ilẹ̀ tútù, á di amóníà, èyí tó ń ta ẹ nímú bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ láàárọ̀. Amóníà yìí àti iyọ̀ inú ìgbẹ́ náà ló ń jó gbòǹgbò, tí gbòǹgbò kò fi lè fa omi mọ́, ni etí ewé á bá gbẹ. Ẹni tó sọ pé ajílẹ̀ tó dára ni kò parọ́, ó kàn gbàgbé láti sọ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹrà.

Lónìí, ẹ rọra ha ìgbẹ́ náà kúrò nídìí ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́ kù, kí ẹ bomi rin ebè náà dáadáa, kí iyọ̀ náà lè lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ajílẹ̀ kankan kún un fún ìgbà díẹ̀. Ewé tó ti jó kò ní sàn, ewé tuntun tó ń rú láàárín ni kí ẹ máa wò. Ẹ má jẹ ohunkóhun látinú ebè yẹn ní tútù o, nítorí kòkòrò àrùn bíi Salmonella lè wà nínú ìgbẹ́ adìyẹ. Ìlànà àwọn tó ń ṣọ̀gbìn láìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ni pé bí ẹni bá po ìgbẹ́ tútù mọ́ ilẹ̀, ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kórè ohun tó ń fara kan ilẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, pàápàá nínú ilé tí ọmọdé wà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa kó ìgbẹ́ náà jọ síbi kan ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ẹ fi ewé gbígbẹ, koríko gbígbẹ tàbí ìyẹ̀ igi tẹ́ ilé adìyẹ. Bí ẹ bá ń gbá a jáde, ẹ tẹ́ ìpele ìgbẹ́ kan, kí ẹ fi ewé gbígbẹ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ bò ó, kí òkìtì náà ga tó mítà kan, kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá kéré jù kò ní gbóná. Ẹ wọ́n omi sí i débi pé bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí omi má kán ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ ki igi gígùn bọ àárín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fà á yọ kí ẹ fọwọ́ mú orí rẹ̀. Bí kò bá ṣeé dì mú nítorí ooru, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Láti 55°C sókè ni ooru náà ti ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Bí ó bá ń rùn, ewé gbígbẹ kò tó tàbí omi pọ̀ jù. Bí ó bá tutù tó sì gbẹ, ẹ bomi sí i. Ẹ máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á dúdú, á rọ̀, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lá máa jáde lára rẹ̀. Èyí lẹ lè pò mọ́ ebè láìbẹ̀rù.

Ti ọgbà kò ní pẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ebè fẹ̀ ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ilẹ̀ ibi tí gbòǹgbò wà. Ohun tí ilé yín ń sè léraléra ni kí ẹ gbìn, kí ẹ sì máa gbin díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, torí ẹni tó gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa tó jẹ. Ibi tí ẹ bá ti kórè ewé, ẹ gbin ẹ̀wà síbẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí lára gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́. Ẹ sì fi odi yí ọgbà ká. Adìyẹ kan á fi wákàtí kan hú ohun tí ẹ fi oṣù kan gbìn. Ìgbà tí ẹ bá kórè tán ni kí ẹ tú wọn sí i, kí wọ́n ṣa kòkòrò àti ìdin inú ilẹ̀ jẹ, lẹ́yìn náà kí ọjọ́ 120 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọjá kí ẹ tó kórè ohun tí ẹ máa jẹ ní tútù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló kù, kí ẹ bá mi bá bàálé yín sọ ọ́. Òótọ́ ni pé koríko ni ewúrẹ́ ń jẹ, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe pọ̀ tó. Ewúrẹ́ oníkílò 30 nílò nǹkan bíi kílò kan oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́, omi ló sì pọ̀ jù nínú koríko tútù, nítorí náà kílò 4 sí 5 koríko tútù ni. Ẹyọ kan kò sì ṣeé sìn, torí ó nílò ẹgbẹ́, ariwo rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí ẹ sùn. Méjì á gba kílò 8 sí 10 lójoojúmọ́, lọ́jọ́ òjò, lọ́jọ́ tí ara ẹnì kan kò yá, lọ́jọ́ ayẹyẹ. Kò sí wàrà títí yóò fi bímọ, nǹkan bí ọjọ́ 150 ló sì ń gbé oyún. Bí kò bá rí koríko, á wá ọgbà yín wá, á sì bó èèpo igi eléso yín jẹ. Bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ ẹ, kí bàálé yín kọ́kọ́ gé kílò 10 koríko wálé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí ó sá a gbẹ, kí ó sì dà á sórí òkìtì ajílẹ̀ yín, ibẹ̀ náà nílò rẹ̀. Bí kò bá pa ọjọ́ kan jẹ, kí ó kọ̀wé sí mi, a ó jọ sọ̀rọ̀ nípa ilé ewúrẹ́.