Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Le

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń múra sílẹ̀ fún JAMB. Ojoojúmọ́ ni mo ń há ogún ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé atúmọ̀ èdè, àmọ́ wọn kì í dúró. Kí ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ogún ti pọ̀ jù, mú márùn-ún. Gé páálí pélébé, kọ ọ̀rọ̀ sí ojú kan, kí o kọ ìtumọ̀, òdì rẹ̀ àti gbólóhùn tí ìwọ fúnra rẹ ṣe sí ẹ̀yìn. Dáhùn sókè kí o tó yí i padà. Kíkà lásán kò tó. Tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Èyí tó o bá gbàgbé, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń dani láàmú jù. "Mitigate" ni kí a dín ìnira nǹkan kù, kò sì gba "against". "Militate against" ni kí nǹkan ṣe ìdíwọ́. Àìmọye èèyàn ló ń pa méjèèjì pọ̀, títí kan àwọn ọ̀mọ̀wé. Kọ irú wọn sórí páálí kan náà. Má sì gbọ́kàn lé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jù: "in-" ló sọ "accurate" di òdì, ṣùgbọ́n "invaluable" ni ohun tó níye lórí gan-an, "inflammable" sì ni ohun tó tètè ń gbaná.

Nínú 60 ìbéèrè Use of English, kọ́kọ́ wò ó bóyá òdì ni wọ́n ń bèèrè tàbí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ìkánjú níbẹ̀ ló ń jẹ máàkì.