Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Kí N Wé Páìpù AC Ọkọ̀ Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sienna ni mo fi ń kó èrò láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà. Látìgbà tí ooru yìí ti dé ni AC ẹ̀ ò ti tutù tó mọ́, àgàgà tí mo bá há sínú gósìlóò Post Office, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á máa pariwo pé kí n kúkú ṣí wíńdò. Ẹni tó ń bá mi tún AC ṣe wá ní òun máa fi fóòmù wé gbogbo páìpù ẹ̀, pé tóun bá wé e tán á tutù bíi fíríìjì. Owó tó pè ò kéré. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn fẹ́ jẹ mí lówó? (Dẹ́rẹ́bà Sienna, Tanke)

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "gbogbo páìpù" tó sọ yẹn ni mi ò fara mọ́. Ẹ tan AC, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí páìpù kan tó sanra, tó ń làágùn bíi míníírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Òun ló ń gbé gáàsì bọ̀ láti kúlìn kọ́ìlì (ibi tó ń mú atẹ́gùn inú ọkọ̀ tutù) pa dà sí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì, tó sì ń tì í lọ), òun gan-an la sì ń wé, torí tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá níhòòhò, gáàsì inú ẹ̀ á gba ooru, á fẹ́lẹ́, èyí tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ń rí fà á wá dín kù, iṣẹ́ ẹ̀ á sì pọ̀. Àmọ́ ẹ rántí àwọn tó ń fi àpò wé áìsì bílọ́ọ̀kù lọ òde ìnáwó: àpò yẹn kọ́ ló mú áìsì tutù, kò kàn jẹ́ kó tètè yọ́ ni. Bí fóòmù náà ṣe rí nìyẹn, AC tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ló ń ràn lọ́wọ́, díẹ̀ náà sì ni.

Páìpù tó jáde látinú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lọ sí kọ́ńdẹ́nsà níwájú (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru ẹ̀ dà sí atẹ́gùn) ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó wé ìyẹn rárá! Ooru inú ẹ̀ la fẹ́ kó jáde. (Ẹ má fọwọ́ kàn án o, àpá tiẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi.) Èyí tó tín-ín-rín tó ń kúrò ní kọ́ńdẹ́nsà, ibi tó bá ti sún mọ́ ẹ́ńjìnnì tàbí sàlẹ́ńsà nìkan lẹ lè bò.

Ti Sienna tún wá yàtọ̀ torí ó ní kúlìn kọ́ìlì kejì lẹ́yìn, páìpù ẹ̀ ń gba abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó gùn, ooru ojú títì sì ń fẹ́ sí i látìsàlẹ̀, èyí tó sanra níbẹ̀ tọ́ sí wíwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wé e, ẹ yẹ jọ́íntì ẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá rí òróró tí eruku lẹ̀ mọ́, gáàsì ń jò níbẹ̀, fóòmù á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Fóòmù dúdú tí wọ́n ń wọ̀ fún páìpù AC ilé ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti tìmùtìmù tó ń mu omi, kí wọ́n sì lẹ ojú ẹ̀ pa dáadáa.

Ọ̀rọ̀ gósìlóò tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura. Tó bá ń tutù tẹ́ ẹ bá ń sáré lọ́nà Ajàṣẹ́, tó wá ń gbóná tẹ́ ẹ bá dúró, ẹjọ́ páìpù kọ́, atẹ́gùn ò fẹ́ sí kọ́ńdẹ́nsà tó ni. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà méjì mẹ́ta, kí ọkọ̀ dúró lójú kan, kí AC máa ṣiṣẹ́, ẹ da omi yẹn sára kọ́ńdẹ́nsà díẹ̀díẹ̀. Tí inú ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Ẹ wò bóyá fáànù ń yí, kẹ́ ẹ fọ eruku ọyẹ́ tó dí ojú kọ́ńdẹ́nsà, omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ o, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, ìyẹn á tẹ eyín ẹ̀ (àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú ẹ̀) mọ́ra.

Tí ẹni tó ń bá yín tún AC ṣe bá sì tún ní òun máa fi gáàsì kún un, ẹ ní kó gbé géèjì tí wọ́n fi ń wọn gáàsì wá kọ́kọ́. Gáàsì kì í tán bíi epo, tó bá dín kù ó jò ni, tó bá sì pọ̀ jù AC ò ní tutù náà. Ẹ wo lébẹ̀ẹ̀lì abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iye tó yẹ kó gbà wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Omi ń kán lábẹ́ Corolla mi tí mo bá tan AC. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Ọ̀mù-Àrán)

Ìdáhùn: Rárá o, Ìyá Ìbejì. Omi tó ń làágùn lára kúlìn kọ́ìlì ni, ìta yẹn ló yẹ kó máa kán sí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí i lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ èrò iwájú ni kẹ́ ẹ wá rewáyà, kó bá yín yọ ìdọ̀tí tó dí rọ́bà tó ń gbé e jáde.