Ṣé torí ìgbàgbọ́ mi kéré ni àdúrà mi ò fi gbà?

ÌBÉÈRÈ: Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. SS (àìsàn sickle cell) ni ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti lọ sórí òkè, kíráísìsì, ìrora tó máa ń kọlù ú, ò dáwọ́ dúró. Wòlíì kan ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré, pé oògùn tí mò ń fún un ló ń dí àdúrà lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Sáàmù wo ni kí n máa kà, aago mélòó lóru, kí Ọlọ́run lè sọ ìdí tó fi jẹ́ ọmọ tèmi? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ aago àti Sáàmù ṣì ń bọ̀, ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù nínú fóònù mi, wòlíì ló kàn ń yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo yín. Inú ń bí mi, ẹ má bínú tí ohùn mi bá le.

Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kọ́ ló jẹ́ kí ọmọ yín jẹ́ SS. Tí bàbá bá jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé e sínú ẹ̀jẹ̀ láì ṣàìsàn ẹ̀, tí ìyá náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà pé kí ọmọ jẹ́ SS, àtọmọ pásítọ̀ àtọmọ babaláwo, ẹ̀jẹ̀ ò mọ ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá. Ẹ ṣí Jòhánù orí 9. Wọ́n rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù fúnra wọn ló bi í pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí ẹ̀. Ṣé wòlíì yín wá mọ̀ ju Jésù lọ ni?

Ó ku ti ìgbàgbọ́ kékeré. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú ẹ̀ lọ bá aláìsàn tí ara wọn ń yá, òun kan náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Inú Tímótì fúnra ẹ̀ ń dà á láàmú, Pọ́ọ̀lù ò ní kó gun òkè, wáìnì díẹ̀ ló ní kó máa lò. Ẹ̀gún tó wà lára Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run ò yọ ọ́, ó ní oore-ọ̀fẹ́ òun tó fún un. Èlíṣà tó jí òkú, àìsàn ló pa á. Wọ́n á fa Máàkù 11:24 yọ fún yín pé ohunkóhun tí ẹ bá tọrọ, ọ̀rọ̀ Jésù ni, mi ò jà á níyàn, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹni tó sọ ọ́ wà ní Gẹtisémánì, tó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ago ìyà yẹn ré òun kọjá, kò sì ré e kọjá. Ta ló máa dìde sọ pé ìgbàgbọ́ tiẹ̀ náà kéré?

Ẹ wo Hesekáyà. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ẹ̀, ó ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé ẹ̀, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, iye oògùn àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹni tó ń rí ọmọ yín ní kíliníìkì ló mọ̀. Àmọ́ fólíìkì ásíìdì àti Paludrine tí wọ́n sábà ń kọ fáwọn ọmọ SS, ọ̀kan ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, ìkejì wà fún ibà, torí ibà lè fa kíráísìsì. Èwo nínú méjèèjì ló wá ń dí ọ̀nà ọ̀run?

Ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run sọ ìdí. Jóòbù náà béèrè, ìwé yẹn pé orí 42, Ọlọ́run sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò sọ ìdí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ló fà á ni Ọlọ́run bínú sí, Jóòbù tó ń ráhùn ló ní ó sọ̀rọ̀ tó tọ́. Nítorí náà ẹ ráhùn. Sáàmù 13 wà níbẹ̀, 88 tún le jù ú lọ, òkùnkùn ni wọ́n fi parí ẹ̀, kò sí halelúyà nídìí ẹ̀. Kò la aago méjìlá òru lọ, kò la àbẹ́là méje lọ, ẹ lè kà á níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ọlọ́run ń woni sàn, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń béèrè ìwòsàn tí mo bá ń gbàdúrà fún aláìsàn. Àmọ́ ohun tí mo ń rí jù ní wọ́ọ̀dù ni pé ìyá tó ti sọ tinú ẹ̀ fún Ọlọ́run, tó sunkún ẹ̀ tán, ara ẹ̀ máa ń balẹ̀ débi tó fi lè gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ, tó fi lè di ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú láì sá jáde.

Tí ara ọmọ yẹn bá gbóná, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó ṣàdédé funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tán lára ẹ̀, ẹ má dúró kí fíjílì parí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, UCH tàbí Adéọ̀yọ́, lóru yẹn, ẹ máa gbàdúrà nínú mọ́tò. Wòlíì tó bá ní kí ẹ da oògùn nù, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sáìnì ẹ̀, kó kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ síbẹ̀.